Gúlúkóòsì Kọ́ Ló Wà Lójú Àlàájì Mùsílíù

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ṣíìfù, ẹ kú òtútù tó ń jẹ wá létí. Ẹni tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì, kó rọra jókòó dáadáa, torí òfófó ni mo gbé wá lónìí. Òfófó gidi, tó gbóná. Ẹ má bẹ̀rù, àwọn tọ́rọ̀ kàn mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́, ọkọ mọ̀, ìyàwó mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa pè mí lẹ́jọ́.

Èmi ni Rosaline, tí mo ń dirun ní Rye Lane, ní Peckham, England níbí. Àlàájì Mùsílíù ni télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa; tí máṣíìnì ẹ̀ bá ń sáré, dígí mi á máa gbọ̀n. Ọmọ Ìwó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, kò dẹ̀ sí ọjọ́ tí kì í fi ojú ẹ̀ yangàn. Gbogbo àwa ẹgbẹ́ ẹ̀ la ti ń wá gíláàsì kiri ká tó lè ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Òun ní tiẹ̀, á mú abẹ́rẹ́ tó kéré jù, á na òwú sí i, òwú ti wọlé. Á wá wojú gbogbo wa bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Nǹkan kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìkíni. Àlàájì á kí ẹ, á kí ọmọ ẹ, á bi ẹ́ léèrè orúnkún ìyá ẹ tó wà ní Ìbàdàn. Tó o bá ń kánjú, má gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjá.

Ṣé ẹ wá mọ Rye Lane. Orin níbí, oníwàásù pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀sì láàárín. Ẹnu ò gbé ìkíni débì kankan. Ọwọ́ la fi ń kí ara wa, ká jùwọ́, ká tẹ orúnkún díẹ̀, ká máa lọ. Bó ṣe di pé èèyàn ń tẹ orúnkún fún Àlàájì tí ò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nìyẹn. Á kàn kọjá lọ fíìn. Ní mọ́sáláṣí, tí wọ́n bá kírun tán, ẹni tó wà lápá òsì ẹ̀ á na ọwọ́ sí i, ọwọ́ yẹn á wà lófuurufú títí á fi rẹ̀ ẹ́, á padà wálé.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ó ti ra ilé sí Kent, ilé yẹn ló ń gùn ún. Ẹnì kan ní ọmọ ẹ̀ obìnrin, Rahmah, fẹ́ fẹ́ ọmọ olówó, ìdí ẹ̀ tí kò fi rí wa mọ́ nìyẹn. Ìyá kan tí mo ń dirun fún ní àlá ló lá, wọ́n ní kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò mọ nǹkan kan, mo ṣáà ń fi òróró sí i.

Ẹni tọ́rọ̀ yìí dùn jù ni Bàbá Ọládọ̀tun. Bàbá yìí ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbín lódìkejì títì. Aládùúrà ni, aláṣọ funfun pọ́ńbélé. Àlàájì ló sì ń rán súútánà fún un láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé ní North Peckham, kí wọ́n tó wó ilé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn le débi pé Bàbá ló máa ń rán Àlàájì létí pé Yídì ti ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá gbé bàsíà ìgbín síta. Àlàájì ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra bọ́tìnnì. Bàbá yọ sí i lápá òsì, ó na ọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Àlàájì kọjá lára ọwọ́ yẹn bí ẹni pé òpó ni, ó dẹ̀ ti ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà.

Ìgbín fọ́n ká. Ẹ mọ̀ pé ìgbín kì í sáré, àwa èèyàn là ń sáré. À ń bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó dúró ná, òyìnbó kan ti gbé fóònù jáde, ó ń ya wá ní fídíò.

Bàbá Ọládọ̀tun ò tiẹ̀ wo ìgbín. Àlàájì ló ń wò. Ó ní, "Mùsílíù, tó o bá ń bínú sí mi, wí fún mi. Kí ni ìgbín ṣe fún ẹ?"

Àlàájì ní, "Mi ò rí ẹ, Ọládọ̀tun. Mi ò rí ọwọ́, mi ò rí ìgbín."

"Ojú tó ń rí ojú abẹ́rẹ́. Òun náà ni ò rí ìgbín tó tóbi tó bàtà."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ara ta Àlàájì. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ létí kọ́là ẹ̀, ó já òwú lára aṣọ, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lójú gbogbo wa níbẹ̀, láìwọ gíláàsì. Ó fẹ́ fi hàn pé ojú òun dá ṣáká. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ tí ì bá jàre, òun fúnra ẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ gún un. Bàbá Ọládọ̀tun kó ìgbín ẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibo ni mo bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọbìnrin kan wà lórí àga mi lọ́jọ́ náà, ìlàjì orí ẹ̀ ni mo ti dì. Tósìn lorúkọ ẹ̀. Peckham níbí ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa yẹ ojú èèyàn wò ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan lókè títì. Yorùbá Tósìn dà bíi kẹ̀kẹ́ tí táyà ẹ̀ ti jò, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tó ń lọ. Ó ti ń wo gbogbo ẹ̀ látinú dígí. Ó bi mí pé ẹ̀gbẹ́ wo gan-an ni Daddy yẹn kì í ti í dáhùn. Mo ronú sí i, mo ní òsì ni, òsì ló máa ń jẹ́.

Ó dìde tòun ti kóòmù lórí, ó gba ọ̀dọ̀ Àlàájì lọ. Ó kúnlẹ̀, iwájú ló ti kúnlẹ̀ o. Ó ní kí Àlàájì fi ọwọ́ bo ojú kan, kó máa wo imú òun, tó bá rí ìka òun kó wí. Ó na ìka ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àwa tá a dúró la rí ìka. Ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí Tósìn fúnra ẹ̀ kí Àlàájì tó ní òun rí i.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sún mọ́ wọn.

Tósìn bi í bóyá ojú máa ń dùn ún. Àlàájì ní ojú òun ò dun òun rí láyé. Tósìn ní, "That's the problem, Daddy. Kì í dun èèyàn." Ó tún bi í bóyá ẹnì kan wà nílé wọn tí ojú yọ lẹ́nu. Àlàájì ní rárá, àfi bàbá òun, tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá fà kiri ní Ìwó kó tó kú, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe àìsàn, àgbà ló dé. Tósìn ní kó wá sí ṣọ́ọ̀bù àwọn kíákíá.

Tó bá jẹ́ ti Àlàájì ni, ì bá má lọ. Mìsítúrà, ìyàwó ẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó, ló fà á lọ, ó dẹ̀ fa èmi náà mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí Àlàájì lójú. Ó bi Tósìn pé ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà nílé wọn nìyẹn. Èkejì ló wá le. Àlàájì gbé àgbọ̀n lé nǹkan kan, ojú ẹ̀ wà nínú abọ́ funfun ńlá. Iná kékeré á tàn níhìn-ín, á tàn lọ́hùn-ún, kó ṣáà máa wo àárín, tó bá rí iná kó tẹ bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mìsítúrà lọ dúró sẹ́yìn Tósìn, níbi tó ti lè rí ojú kọ̀ǹpútà tó ń fi hàn bí iná ṣe ń tàn.

Bí iná bá ti tàn, Mìsítúrà á ní, "Súbúhánáláhì." Àlàájì á tẹ̀. Iná á tún tàn, "Súbúhánáláhì," ó tẹ̀. Èmi tí mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà rò pé àdúà ni. Nígbà tó yá, ó ti ń yára bí ẹni tó fẹ́ ka tẹ̀sùbáà tán kí bọ́ọ̀sì tó dé.

Tósìn dá ẹ̀rọ dúró. "Mummy, ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni, àbí ẹ̀ ń bá Daddy ṣe ìdánwò?"

Mìsítúrà ní kí ló burú ńbẹ̀, òun ò ní máa wo ọkọ òun kó fìdí rẹmi.

Tósìn ní, "Tẹ́ ẹ bá ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n pass, Mummy, ojú wọn ló máa fail."

Ó lé e wá bá mi níta, wọ́n tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán tó jáde, mo rí i fìrí: ibi dúdú ti gba apá kan ẹ̀ bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Wọ́n pe Mìsítúrà wọlé padà kó wá gbọ́ àlàyé. Nígbà tó jáde, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Rosaline, gúlúkóòsì ni. Wọ́n ní gúlúkóòsì ló wà lójú ọkọ mi."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Gúlúkóòsì tí wọ́n máa ń pò fún wa mu nílé tí ara ò bá yá. Àlàájì dẹ̀ fẹ́ràn ṣúgà, ògì ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di súwíìtì. Ọ̀rọ̀ bára mu, ta ló tún máa bèèrè? Àlàájì ní tiẹ̀, ẹ̀rù ti dí i létí. "Pressure" nìkan ló gbọ́ nínú gbogbo àlàyé yẹn, ó dẹ̀ mọ̀ pé BP òun dáa.

Tósìn kọ̀wé rán Àlàájì lọ sí hosipítù, hosipítù yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní oògùn, kó máa kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sójú méjèèjì lálaalẹ́. Àlàájì kán an fúngbà díẹ̀. Ó ní ó ń ta òun lójú, ó tún ń korò dé ọ̀fun, òun ò dẹ̀ ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sọ ìgò oògùn sínú dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì. Ṣúgà ló gbájú mọ́.

Ẹ wá wo Mìsítúrà. Ó di kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ń tú àpò kóòtù wá súwíìtì. Wọ́n lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó gba máàsà lẹ́nu ọkọ ẹ̀ lójú Lèmọ́mù. Èmi náà kó ṣúgà kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi láti fi kẹ́dùn, àwọn oníbàárà mi ń mu tíì, wọ́n ń wojú mi. Àlàájì rù. Ó ní òun mọ̀ ọ́n lára pé gúlúkóòsì ti ń jáde.

Wọ́n padà sí hosipítù. Ìfúnpá inú ojú ò lọ sílẹ̀ rárá, ibi dúdú yẹn dẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Dókítà bi wọ́n ṣé ó ń kán oògùn. Mìsítúrà fi ọwọ́ sọ̀yà, ó ní láti ọjọ́ yẹn, ọkọ òun ò tíì tọ́ ṣúgà wò. Ó ní dókítà wo àwọn títí bí ẹni tí wọ́n bá sọ èdè Ṣáínà.

Inú bí wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n bá Tósìn, ó tún wá dirun. Mìsítúrà bi í pé irú hosipítù wo ló ń bèèrè oògùn nígbà tí gúlúkóòsì ti kúrò níbẹ̀. Tósìn ní, "Gúlúkóòsì wo?" Mìsítúrà ní ṣebí ìwọ lo sọ ọ́. Tósìn fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Mummy, glaucoma ni mo sọ."

Ó kọ ọ́ sórí fóònù ẹ̀ fún wa, g-l-a-u-c-o-m-a. A jọ ń pè é bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: gúlọ́kómà. Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀. Ó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń ba ojú jẹ́ o, lọ́nà tiẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń ṣe Àlàájì.

Ó ṣàlàyé ẹ̀ báyìí. Omi kan wà nínú ojú, kì í ṣe omijé, inú lọ́hùn-ún ló wà. Ó ń sun, ó sì ń gba ihò kékeré kan ṣàn lọ, bíi síǹkì. Tí ihò yẹn ò bá fa omi lọ dáadáa mọ́, omi á máa ti ojú látinú, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ohun tá a rí lọ sí ọpọlọ. Iṣan yẹn á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ìfúnpá tí wọ́n ń wọ̀n lápá àti ti inú ojú, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. BP èèyàn lè dáa, kí ti inú ojú má dáa.

Àlàájì ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tóun ò rí òkùnkùn kankan.

"Ọpọlọ yín ló ń parọ́ fún yín, Daddy. Ibi tí ojú ò rí, ọpọlọ á wá nǹkan fi dí i. Etí ló ń kọ́kọ́ lọ, àárín ló máa ń gbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ṣì fi ń rí ojú abẹ́rẹ́."

Àlàájì fa etí aṣọ ẹ̀ wò. Ó ní, "Bí kòkòrò ṣe ń jẹ aṣọ láti etí nìyẹn. Tó o bá ká a sínú àpótí, wàá rò pé ó pé." Ó wá bèèrè ohun tí gbogbo wa ò fẹ́ bèèrè. "Èyí tó ti jẹ ńkọ́? Ṣé ẹ máa lè bá mi lẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, Daddy. Èyí tó lọ ti lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti mọ ọkùnrin yìí tipẹ́, mi ò rí i kó jókòó báyẹn rí. Ó ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Tí mi ò bá rán aṣọ mọ́, kí ni mo jẹ́?" Mìsítúrà gbé ọwọ́ lé orúnkún ẹ̀, kò tiẹ̀ sọ Súbúhánáláhì.

Tósìn fi irun ẹ̀ sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀. "Ẹ máa rán aṣọ. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn, kì í ṣe kẹ́ ẹ lè ríran sí i ni wọ́n ṣe fún yín. Kí èyí tó kù má bàa lọ ni. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kàn máa kán an ni, lójoojúmọ́."

Ó ní kí wọ́n lọ mú ìgò yẹn wá nínú dúrọ́ọ̀. Mìsítúrà fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n kán, ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sórí irùngbọ̀n, èkejì bọ́ síwájú orí. Tósìn kọ́ wa. Fọ ọwọ́. Gbé orí sókè. Fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀ kó dà bí àpò. Ẹ̀kán kan péré. Pa ojú dé, kó o wá fi ìka rọra tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́bàá imú fún bí ìṣẹ́jú kan, kò ní sáré lọ sí ọ̀fun kó máa korò. Tó bá ń ta jù, sọ fún hosipítù, irú mìíràn wà. Má dá a dúró fúnra ẹ. Àlàájì wá so ó mọ́ ìrun Ìṣáà. Tó bá ti kírun tán, oògùn ló kàn. Ó ti gba ààwẹ̀ Rámádáánì kọjá láìdá a dúró, torí pé alẹ́ náà ló ń kán an tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé etí Bàbá Ọládọ̀tun. Ó rékọjá títì fúnra ẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò dẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Ó kàn na apá méjèèjì, ó ní kí Àlàájì wọn òun fún súútánà tuntun.

Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀. Ẹ dúró ná.

Tósìn ti kìlọ̀ fún wọn pé nǹkan yìí máa ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń pọ̀ lára àwa èèyàn dúdú, ó máa ń tètè dé bá wa, tí bàbá bá dẹ̀ ní in, kí gbogbo ọmọ lọ yẹ ojú wò. Àlàájì ní àbúrò ọkùnrin kan ní Bermondsey, Làtíìfù, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ń fi ọkọ̀ ṣe táàsì. Àlàájì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹ̀ o. Àwọn àna Rahmah ń bọ̀ wá mọ ilé, tí Làtíìfù bá dẹ̀ gbọ́, gbogbo Ìwó ti gbọ́, wọ́n á ní ìdílé afọ́jú nìyẹn. Ó ní tí ìgbéyàwó bá kọjá, òun fúnra òun á sọ ọ́. Mìsítúrà ní ó dáa.

Ẹnu ló fi ní ó dáa. Kò lè sùn. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ, Làtíìfù ló ń rí, tó wà nídìí ọkọ̀. Ó pè é, ó ní kó wá jẹun, ó bọ́ ọ yó, ó wá ní kó sin òun dé ibì kan, ó sìn ín dé iwájú Tósìn.

Làtíìfù ní in. Ojú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀rẹ̀, kò tíì pàdánù nǹkan kan tí ẹ̀rọ rí. Hosipítù fi iná lésà ṣe tiẹ̀, ó dẹ̀ ti sọ fún àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, torí òfin ni fún awakọ̀ tí àìsàn yìí bá mú lójú méjèèjì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣì ń wakọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí Àlàájì ṣe sọ, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ fi pè láti Ìwó, tó ń sunkún pé wọ́n ní ojú Àlàájì ti fọ́ pátápátá. Àwọn àna ò tíì sọ nǹkan kan. A ń wò wọ́n.

Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìjà yẹn ò tíì parí. Àlàájì ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ojú àbúrò òun, ṣùgbọ́n ìyàwó òun tú àṣírí òun. Mìsítúrà ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà lòun á ṣe.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Ẹ má dúró de ìrora, ojú yìí ń lọ láìdunni. Lóòótọ́, irú kan wà tó máa ń dé lójijì, ojú á pọ́n, á dunni gan-an, orí á máa fọ́, èèyàn á máa bì. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ẹ gba ẹ́mẹ́jẹ́ńsì lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ kì í pariwo. Ẹ lọ yẹ ojú wò ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, kódà kẹ́ ẹ máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ní England níbí, tẹ́ ẹ bá ti pé ọgọ́ta ọdún, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ti pé ogójì, tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ yín bá ní in, ọ̀fẹ́ náà ni, ẹ ṣáà ti sọ fún wọn pé ó wà nílé yín. Ẹ bi àwọn tó wà nílé lọ́hùn-ún dáadáa, torí "àgbà ló dé" yẹn, orúkọ mìíràn lè wà fún un. Tí wọ́n bá fún yín ní oògùn, ẹ kán an, ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò, bí ojú bá tiẹ̀ ń dáa lójú yín. Ọ̀rọ̀ tí ò bá sì yé yín lẹ́nu dókítà, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ó sàn ju kéèyàn lọ máa bá ṣúgà jà.

Ó yá, ẹ dáhùn. Ọkọ yín ní kẹ́ ẹ dákẹ́ títí ìgbéyàwó ọmọ á fi kọjá. Àbúrò ẹ̀ wà lórí títì níbẹ̀ tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri, kò mọ nǹkan kan. Ká ní ẹ̀yin ni Mìsítúrà, kí lẹ̀ bá ṣe?